Iṣu Ojú Ọ̀nà Djaloukou

Èmi kò mọ̀wé. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí wọ́n sọ sí mi létí ni mo mọ̀, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló sì ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan òun náà, kó má fò ó.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn àga ọba Dàhòmì àti ère àtijọ́ padà bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, ilé aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bantè la ti wò ó nínú tẹlifísọ̀n. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn ni. Èrò tò sí etí títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àpótí. Àwọn nǹkan náà lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé odindi orílẹ̀-èdè lè dúró, kó wẹ̀yìn, kó sì máa wo ohun tó ti kọjá lọ bí ẹni ń wo ojú ara rẹ̀ nínú omi. N kò rí irú rẹ̀ rí. Aránṣọ náà, mùsùlùmí tí ẹnu rẹ̀ mú ni, kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Àga dáadáa ni. Ẹ wá bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó ń sọ yé wa. Àwọn ọba tí wọ́n ń yìn pé wọ́n bá òyìnbó jà, ọmọ ogun wọn kan náà, tọkùnrin tobìnrin, ló máa ń gòkè wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀rùn wá kó èèyàn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Dàhòmì nílé wa, ohun tó ń wá sí wa lẹ́nu ni pé àwa ni wọ́n jà lólè. Ó sì dùn láti sọ. Ẹni tí wọ́n jà lólè kì í jẹ ẹjọ́.

Àṣà kan wà nílé wa. Ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kan iṣu tuntun títí a ó fi yan ègé kan, láìfi epo sí i, láìfi iyọ̀ sí i. Làbókò ni irú iṣu náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Baálé ilé á gbé e sórí òkúta kan níbi tí ọ̀nà oko ti yà sí apá Djaloukou. Á ní, "Ẹni wa tó lọ, oúnjẹ rẹ rèé." A ó padà sílé, a ó jẹun. Bí o bá bi ọmọ ilé wa pé ta ló ni iṣu náà, á sọ fún ọ pé ọmọbìnrin wa kan ni, èyí tí Dàhòmì mú lọ nígbà tó lọ pọnmi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí, mo sì pa ẹnu mọ́ títí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú ẹnu náà. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá la ẹnu sọ ibi tí a ti mú ẹlòmíràn wá, ewúrẹ́ ni yóò fi san án. Ẹ̀rù ewúrẹ́ kọ́ ló bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, orí àbúrò mi ọkùnrin ló máa wó lé, nítorí òun ni baálé ilé wa lónìí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọmọ mi dé láti yunifásítì nígbà tí iṣu ń jáde. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí. Ó jókòó tì mí, ó mú ọ̀bẹ, ó bó méjì, ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀.

"Ìyá àgbà, mo kọ ìtàn kan."

"Ti ìjàpá?"

"Rárá. Tiwa ni. Ṣùgbọ́n mo yí i padà."

"O yí i padà? Ṣé aṣọ ni?"

"Ẹ gbọ́ ná. Irú ìwé kan wà tí wọ́n máa ń kọ. Wọ́n á mú ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á wá ní, ká ní kò ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀."

"Irọ́ ni nígbà náà."

"Irọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pé irọ́ ni, Ìyá."

"Èyí gan-an ló burú. Òpùrọ́ tó ń fara pamọ́ ṣì ní ìtìjú díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé rẹ̀. Faransé ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kà á ló ń sọ ọ́ di èdè wa, èdè Ìsà tí a ń sọ ní Bantè, ó sì ń ṣe é láìkọsẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó wò.

Nínú ìtàn rẹ̀, odò kún lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí odò kì í kún. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dé etí rẹ̀, wọn kò rí ibi gbà kọjá. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oúnjẹ wọn fi tán. Àwọn baba wa wò wọ́n láti òdìkejì, àánú ṣe wọ́n, wọ́n ju iṣu sí wọn. Àwọn ológun jẹ ẹ́, ojú tì wọ́n, wọ́n yí padà, wọn kò sì wá mọ́ láé. Láti ibẹ̀ ló ti wá ń sọ bí ayé ṣe rí. Ó ní àwọn abúlé tó ti di igbó lójú ọ̀nà Atokoligbé ṣì wà, ó sì ń kà wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé ahunṣọ, ilé amọ̀kòkò, ilé obìnrin kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ tó fi jẹ́ pé kì í mọ èyí tí kò tíì jẹun. Níbi tí kò sí nǹkan kan lónìí ju igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, mẹ́ta péré, lọ, ọjà wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò lọ. Àwọn ọmọ wọn, àti ọmọ ọmọ wọn, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń jà lórí ààlà oko bí àwọn aládùúgbò ṣe ń jà.

Ẹ má bínú, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó ṣe mí. Mo gbójú sókè, mo wo apá Atokoligbé, mo ń wá èéfín. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi àgbàlagbà. Ọ̀nà yẹn tí mo ti ń rìn láti kékeré, n kò ronú rí pé àwọn kan ni kò sí níbẹ̀. Mo rò pé igbó ni igbó jẹ́.

Ó wá dé orí ọmọbìnrin tó lọ pọnmi. Nínú ìwé rẹ̀, ọmọ náà pọnmi, ó gbé ìkòkò rù, ó padà délé, ìyá rẹ̀ sì bá a wí pé ó pẹ́. "Nítorí náà, Ìyá, kò sí iṣu lórí òkúta wa. Òkúta lásán ni. Àwọn ewúrẹ́ ń sùn lé e lórí." Ó pa ìwé náà dé. "Bàbá ti gbà kí n kà á fún gbogbo ilé lọ́jọ́ iṣu tuntun."

Àbúrò mi yẹn ló ń pè ní Bàbá. Mo ní ó dára. Mo bó ẹ̀gẹ́ tó kù.

Ìyá tó bí bàbá mi ló gbé mi dàgbà. Obìnrin kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ń ka ebè lóko, kì í fi èdè wa kà á. Bó bá ń pe ewúrẹ́, kì í fi èdè wa pè wọ́n. Mo rò pé bí àwọn arúgbó ṣe ń ṣe nìyẹn. Lọ́dún kan, ó mú mi lọ́wọ́, a tẹ̀lé baálé ilé àti àwọn ọkùnrin lọ síbi òkúta náà. Nígbà tí àwọn ọkùnrin yí padà, ó dúró, ó ní kí n dúró ti òun. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi.

Ó ní ọmọ ẹ̀yà Mahi ni òun, ará abúlé kan lápá Djaloukou. Nígbà tí Dàhòmì dé, ìyá òun ti òun sí abẹ́ àpáta, ó ní kí òun má jáde àfi bí òun bá gbọ́ ohùn ìyá òun. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ ni. Ó wà níbẹ̀ títí kò fi mọ iye ọjọ́ mọ́. Àwọn ọdẹ tó rí i, ará ilé wa ni wọ́n. Wọ́n yan iṣu fún un. Ó ní, "Iṣu yẹn ló dùn jù tí mo jẹ rí láyé mi. Òun náà ló gbé mi mì." Wọ́n mú un wálé, wọ́n fá orí rẹ̀, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn. Bó bá ní òun fẹ́ lọ bá ìyá òun, wọ́n á ní ọ̀nà kò tíì dára. Ogun parí, wọ́n ní ọ̀nà kò tíì dára. Òyìnbó dé, wọ́n la ọ̀nà, mọ́tò gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n ní ọ̀nà kò tíì dára. Wọ́n ti fi í fún ọmọ ilé nígbà náà, ó ti bí bàbá mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá iṣu náà sílẹ̀. Ó ní bí ìyá òun bá padà wá sí abẹ́ àpáta tí kò bá òun, yóò máa bọ̀ lọ́nà, ebi á sì ti máa pa á. Ó ń gbé e síbẹ̀ lọ́dọọdún, kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé rò pé àwọn ló ni ẹkún náà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Ó ń dúró lẹ́yìn, ó ń gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì tí ọmọ ka ìwé rẹ̀ fún mi, mo lọ bá àbúrò mi. Ó ń pọ́n àdá lábẹ́ máńgòrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Bí ẹ bá ti wá láìgbé igbá dání, ọ̀rọ̀ ni ẹ rù wá."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, abẹ́ àpáta, orí fífá, iṣu. Kò dá àdá rẹ̀ dúró.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Nígbà tí bàbá wa ń kú, Mahi ló fi ń pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ò gbọ́ Mahi. Èmi ti ń ná ọjà Savalou láti kékeré."

Èmi ti rò pé èmi nìkan ni mo ru ẹrù náà, àṣé òun ń ru tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kí la máa ṣe?" mo ní.

"Ẹ máa dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé ìran obìnrin tí a mú wálé kì í jẹ baálé. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn ìdílé ọ̀tún inú ilé wa ti ń wo àga mi."

"Àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán?"

"Àga náà ni. Orí rẹ̀ ni mo jókòó lé." Ó fi àtàǹpàkò wo ẹnu àdá. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka irọ́ rẹ̀. Irọ́ dáadáa ni. Yóò mú inú wọn dùn."

Mo gbà fún un. Ẹ̀jẹ̀ mi ni, arúgbó sì ni. Mo padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé n kò ní sọ ọ́.

Lọ́jọ́ iṣu tuntun, wọ́n wá láti Koko, wọ́n wá láti oko, alùpùpù kún ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọmọ mi dúró, ó kà á. Mo ti rí ìwàásù tó mú èèyàn sunkún, n kò tíì rí kí gbogbo ilé wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó dé orí àwọn abúlé ojú ọ̀nà Atokoligbé, mo rí àwọn ọkùnrin tó yíjú sápá ibẹ̀ bí èmi náà ti ṣe. Obìnrin kan ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ibo ni ọjà yẹn ì bá wà gan-an.

Nígbà tó parí, àgbà ìdílé ọ̀tún dìde. Ọkùnrin tó ga ni, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ kà. Gbogbo wọn kó wa, kò sí ẹni tí àwa kó rí. Ọwọ́ ilé yìí mọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ yẹn, inú tẹlifísọ̀n ni mo ti gbọ́ ọ rí.

A tẹ̀lé àbúrò mi dé ibi òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé iṣu lé e. Ó ní, "Ẹni wa tó lọ," ó sì dúró. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ tó kù kò jáde. N kò mọ ohun tó dí i lọ́nà. Mo mọ ohun tó ṣí tèmi: ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni.

"Kì í ṣe ẹni wa tó lọ," mo ní. "Ìyá ọmọ tí a mú ni."

Mo sì sọ ọ́. N kò pariwo. Mo sọ ti abẹ́ àpáta, mo sọ ti ọ̀nà tí kò dára, mo sọ pé ọmọ náà ló bí bàbá èmi àti ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ yìí.

Àgbà ìdílé ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ewúrẹ́," ó ní.

"Mo mọ̀," mo ní.

"Àti àga náà. Òfin ni."

Àbúrò mi kò tíì dìde. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Mo ti fi ẹnu mi gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo ilé. Mo yíjú sí àgbà náà.

"Ẹ má bínú o. Ìyá tó bí bàbá tiyín, ilé ta ló ti wá?"

"Atokoligbé ni."

"Ilé ta, ní Atokoligbé? Mi ò tíì rí i kí ẹ lọ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Kò sí òkú wọn tí ẹ sin, kò sí ìgbéyàwó wọn tí ẹ jẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà kò gùn, nítorí oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìyá àgbà tirẹ̀. Mo ń rí i lójú wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìyá yìí, láti Savalou, ilé ta? Ìyá yẹn, wọ́n ní odò ló ti wá, odò wo? Lójú ọ̀nà oko wa níbẹ̀, mo rí i pé àwọn obìnrin tí kò ní ilé dúró lẹ́yìn gbogbo wa, wọ́n pọ̀ ju àwa tí a wà láàyè lọ. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù irú èyí tó ń bà mí nígbà tí a bá ń wólẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àgbà náà fi ẹsẹ̀ ro ilẹ̀ díẹ̀. "Ewúrẹ́ nìkan ti tó," ó ní.

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Mahi ọjà tó fi ń ná nǹkan ní Savalou ló fi sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni ń wá ẹyọ owó lápò. Ó wá sọ ọ́ ní èdè wa kí àwa náà lè gbọ́. "Ìyá, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ wa. A kò mú un wá fún yín. Ẹ jẹun."

A pa ewúrẹ́ mi, a jẹ ẹ́. Òfin ni pé bí a bá ti jẹ ẹ́ tán, a ti jẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi ti kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé kì í sì í jẹ ẹran. Àbúrò mi ṣì wà lórí àga rẹ̀. Oṣù kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ, lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pé kí n wá, ó ní kí n tún sọ bí ìyá bàbá wa ṣe ń pe ewúrẹ́.

Kí ọmọ tó padà sí yunifásítì, ó ní òun ti kọ ìtàn mìíràn, èyí àkọ́kọ́ kò dára mọ́. Mo jókòó, ó kà á. Nínú èyí, odò kò kún. Dàhòmì wá, wọ́n kó èèyàn, bó ṣe rí gan-an. Ìyá ti ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ àpáta. Àwọn ọdẹ ilé wa rí i, wọ́n yan iṣu fún un. Wọn kò mú un wálé. Wọ́n gbé e sọ́rùn, wọ́n rìn títí wọ́n fi dé apá Djaloukou, wọ́n ń bèèrè láti abúlé dé abúlé pé ta ló sọ ọmọ nù. Obìnrin kan jáde láti inú ilé tó jóná, ó pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà síbẹ̀. Ó ka ebè rẹ̀ lédè rẹ̀. Ó fẹ́ ọkùnrin tó wù ú, ó darúgbó, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo ń dúró de ibi tí bàbá mi máa gbà wọlé. Kò wọlé. Mo ń dúró de àbúrò mi. Ìwé náà sì parí.

"Èmi dà?" mo ní.

"Ẹ ò sí níbẹ̀, Ìyá."

"Ìwọ náà ò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

Inú mi kò bàjẹ́. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ka èyí pé inú mi kò bàjẹ́. Mo jókòó síwájú ayé kan tó pé, tó dára, tí oòrùn ń ràn nínú rẹ̀, tí èmi àti gbogbo ọmọ mi kò sí nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wá wa. N kò mọ̀ pé èèyàn lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ó sì tún máa mí.

Ọmọ náà rò pé mo ń bínú. Ó ní, "Ìtàn ni, Ìyá. Mo lè fi yín sí i. Mo lè ní ọkùnrin kan láti Bantè lọ fẹ́ ẹ nígbà tó dàgbà. Ó rọrùn."

"Má fi mí sí i," mo ní.

"Kí ló dé?"

"Bí o bá ti ń ro bí mo ṣe máa wọlé, ẹnì kan á tún ní láti mú ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Jẹ́ kó jókòó sílé."